Kí Ló Ń Dún Níwájú Mọ́tò Yẹn?

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá sára ògiri lọ́sẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní kí ló kan ọmọbìnrin nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò. Ẹ fara balẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kà á tán ná.

Bọ́ọ̀sì Hiace ni bàbá mi fi ń kó èrò láti Ìsẹ́yìn níbí lọ sí Mọ́níyà n'Ìbàdàn. Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, màlúù kan já sójú títì lálẹ́, ó fọ́ iná iwájú, ó sì fa bọ́ńpà ya. Nígbà tí wọ́n tún mọ́tò náà ṣe tán, bàbá mi ní kí wẹ́dà bá òun ṣe gáàdì síwájú rẹ̀. Gbogbo wa la mọ gáàdì: àwọn páìpù irin tí wọ́n máa ń tẹ̀, tí wọ́n máa ń jó pọ̀, tí wọ́n á wá fi bóòtì dè mọ́ iwájú mọ́tò. Kì í bá mọ́tò wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Àwa la máa ń fi sí i fúnra wa. Oṣù méjì ni gáàdì yẹn lò tí ariwo fi bẹ̀rẹ̀.

Gbàgà-gbàgà! Bó ṣe ń dún nìyẹn tó bá ti já sí kòtò. Àwọn èrò á máa wojú ara wọn. Ìyá kan sọ̀ kalẹ̀ láàárín ọ̀nà, wọ́n ní àwọn ò lè bá mọ́tò tó ń sunkún dé Ìbàdàn. Bàbá mi gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ìyẹn ò tiẹ̀ wò ó dáadáa, ó ní bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ariwo ò lọ. Ó ní ó ti yé òun báyìí, ṣọ́ọ̀kì ni. Wọ́n ra ṣọ́ọ̀kì méjì, ariwo ò lọ. Owó fọ́ọ̀mù JAMB mi àti owó lẹ́sìn mi wà nínú owó tí wọ́n fi ra ṣọ́ọ̀kì yẹn. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kàn mí nìyẹn.

Bàbá àgbà wa, tí wọ́n ń hun aṣọ òkè láti kékeré, ló tú u fún wa. Wọ́n jókòó sídìí òfì wọn lọ́jọ́ Sátidé kan nígbà tí bọ́ọ̀sì wọ agboolé. Wọn ò dìde, wọn ò wo nǹkan kan. Wọ́n kàn bi bàbá mi pé, "Ìgbà wo ló máa ń dún?" Bàbá mi ní, "Baba, níwájú ló ti ń dún." Wọ́n ní, "N ò bi ọ́ pé ibo. Ìgbà wo ni mo ní."

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Irin máa ń tan etí jẹ. Ìró tó bẹ̀rẹ̀ lára gáàdì lè gba inú ṣáásì kọjá, kó wá jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ dírẹ́bà bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti wá. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń fi etí nìkan wá a kiri lè tú odindi mọ́tò palẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ariwo ló ní àsìkò tirẹ̀, àsìkò náà ló sì ń tú àṣírí rẹ̀. Ẹni tó bá gbé agboolé ahunṣọ mọ̀ bẹ́ẹ̀: òfì tí nǹkan kan dẹ̀ lára rẹ̀ kì í dún lọ bẹ́ẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ìgbà tí wọ́n bá ń tẹ ẹsẹ̀ kan pàtó lẹ máa gbọ́ ọ.

Ni mo bá mú bírò àti ìwé Civic mi, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi níwájú, a gba ojú ọ̀nà Òkèihò lọ, a sì bọ̀. Ohun tí mo kọ sẹ́yìn ìwé nìyí. Mọ́tò dúró, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: kò dún. Ó ń sáré lórí ọ̀dà tó tẹ́jú: kò dún. Ó tẹ bíréékì: kò dún. Wọ́n yí sítíárì lọ yí i bọ̀: kò dún. Ó já sí kòtò: gbàgà! Ó jáde nínú kòtò: gbàgà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó ti jẹ náà lè dún nínú kòtò, n ò jiyàn. Àmọ́ ó sábà máa ń dún tí wọ́n bá ń yí sítíárì tàbí tí wọ́n bá tẹ bíréékì pẹ̀lú. Tiwa ò ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí a délé, a tú bóòtì mẹ́rin, a gbé gáàdì sílẹ̀, a sì tún padà sójú ọ̀nà kan náà, a tún já sí àwọn kòtò kan náà. Mọ́tò dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Sípánà kan àti nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀ gbà, kò ná wa ní kọ́bọ̀. Òun ló yẹ ká ti kọ́kọ́ ṣe ká tó ra ohunkóhun.

Kí ló wá ṣe gáàdì náà? Mo wo ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ ṣáásì. Wẹ́dà ò lo dírìlì, ẹ̀lẹ́kítíródù ló fi jó ihò náà, ihò wá fẹ̀ ju bóòtì lọ, etí rẹ̀ sì rí gbágungbàgun. Èkejì, ọ̀dà tó kùn ún nípọn, orí ọ̀dà yẹn ló sì ti fún bóòtì. Ọ̀dà máa ń fọ́, ó máa ń pẹlẹbẹ sí i bí ọjọ́ ti ń lọ. Bí ó bá ti pẹlẹbẹ díẹ̀, bóòtì tí ẹ fún pinpin lánàá ti dẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ó tún kù. Ará Jámánì kan wà tó ń jẹ́ Gerhard Junker. Ní 1969 ló gbé iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn pé ohun tó ń tú bóòtì jù ni kí àwọn irin méjì tó dè pọ̀ máa yọ̀ sọ́tùn-ún sósì lórí ara wọn. Tí wọ́n bá ti ń yọ̀ bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀tì á máa yí díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀ títí tó fi máa jábọ́. Gáàdì inú ihò tó fẹ̀ kò sì ní iṣẹ́ méjì ju kó máa yọ̀ lọ. Wáṣà tó lanu bíi sípíríìnì, tí gbogbo wẹ́dà gbọ́kàn lé, kì í fi bẹ́ẹ̀ dá irú èyí dúró. Nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà nínú sàn jù ú lọ. Bí ẹ ò bá rí i rà, ẹ fi nọ́ọ̀tì méjì lé ara wọn, kẹ́ ẹ fún èkejì mọ́ àkọ́kọ́ gidigidi. Ohun tí àwa ṣe nìyẹn. A ha ọ̀dà kúrò lójú ibi tí irin ti kan irin, a fi wáṣà ńlá tó nípọn bo ihò, a sì fi nọ́ọ̀tì méjì méjì dè é. Bàbá mi fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin. Tí ìlà yẹn bá ti yà kúrò lójú kan, a mọ̀ pé nọ́ọ̀tì ti ń yí. Láràárọ̀ ni wọ́n ń wò ó kí wọ́n tó lọ gáréèjì.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn dírẹ́bà ní gáréèjì pé báwo ni tiyín ṣe ń dún. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín mi, àmọ́ wọ́n máa ń dáhùn.

Àwọn kan ní tàwọn ń súfèé: fíììì. Ó pọ̀ lójú ọ̀nà Mọ́níyà. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún ọ̀nà yẹn ṣe, kìlómítà 65 gbáko, eré ti pọ̀ sí i, ariwo afẹ́fẹ́ náà sì ti pọ̀. Tí kò bá dún àfi tí mọ́tò bá ń sáré, tó sì ń dákẹ́ bí eré bá ti rọlẹ̀, afẹ́fẹ́ ni. Bóyá ẹnu páìpù ló ṣí sílẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń fọn ọ́n bí a ṣe máa ń fọn ẹnu ìgò. Bóyá sì ni ara páìpù fúnra rẹ̀. Strouhal, ará ilẹ̀ Czech, wádìí irú ìró yìí ní 1878. Ẹ fi 5 pín eré mọ́tò, kẹ́ ẹ wá fi fífẹ̀ páìpù pín èyí tó jáde. Kìlómítà 80 ní wákàtí kan jẹ́ nǹkan bíi mítà 22 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Páìpù tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 á gbọ̀n bí ìgbà 89 ní sẹ́kọ́ńdì kan, wúùù ló máa dún, bí ẹni ń kùn. Ọ̀pá tín-ín-rín tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 á gbọ̀n ju ìgbà 440 lọ, ìyẹn ló ń súfèé. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ẹnu páìpù, kẹ́ ẹ tún sáré lójú ọ̀nà kan náà. Bó bá dákẹ́, ẹ ti mú un. Kí wẹ́dà wá jó o pa, àmọ́ kó fi ihò kékeré kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí omi lè máa ṣàn jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú ni páìpù á ti dípẹtà.

Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí mọ́tò dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lẹ̀ ń gbọ́ jìn-ìn-ìn, tó sì dákẹ́ tí wọ́n bá tẹ tọ́tù díẹ̀, ohun tí tíṣà Physics kọ́ wa ní SS2 tí wọ́n pè ní resonance nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin tó ń yí ìgbà 750 ní ìṣẹ́jú kan máa ń ta ìgbà 25 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Bí ìgbọ̀n tí gáàdì fẹ́ràn bá bá a ṣe déédéé, á máa gbọ̀n tẹ̀ lé e. Gángan ni kẹ́ ẹ fi wé: bí ẹ bá fún okùn rẹ̀, ohùn á lọ sókè, bí ẹ bá dẹ̀ ẹ́, á wálẹ̀. Ẹ de gáàdì mọ́ ibòmíràn sí i kó le dan-in, ohùn rẹ̀ á kúrò níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń pè é. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ṣe wàhálà yẹn, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ pátákó nọ́ńbà tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Nínú mọ́tò mẹ́ta tí mo ti bá wọn wò, méjì ló jẹ́ pé nọ́ńbà lásán ni. Ègé rọ́bà tíúbù la fi tẹ́ ẹ lẹ́yìn.

Dírẹ́bà kan ní tòun kì í dún láàárọ̀, àfi tí oòrùn bá ti mú, á wá máa ké kíìn-kíìn. Èyí dùn mọ́ mi gan-an. Irin tó gùn ní mítà kan ààbọ̀ kì í fi ìdajì mìlímítà gùn sí i bí ooru bá fi 20°C lé sí i. Ṣùgbọ́n bọ́ńpà oníke máa ń fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Àyè tó wà láàárín bọ́ńpà rẹ̀ àti gáàdì láàárọ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, ike ti fẹ̀ títí ó fi kan irin, wọ́n á sì máa ha ara wọn. Ó yẹ kí ìka kan lè kọjá láàárín wọn.

Ariwo kan wà tí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fojú kéré. Ṣé ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ra ìkòkò amọ̀? Wọ́n á fi ìka kàn án. Èyí tó bá dún kọ́ọ̀n ló pé, èyí tó bá dún pọ̀ ti sán. Ẹ ṣe gáàdì bẹ́ẹ̀ nígbà tí mọ́tò bá dúró, tí ẹ́ńjìnnì kú, tí háǹdì bíréékì wà lókè. Ẹ fi sípánà kan gbogbo ojú ibi tí wọ́n jó. Ibi tó bá dún pọ̀, ẹ wá ìlà pupa ìpẹtà tín-ín-rín nínú ọ̀dà. Bí ẹ bá rí i, ibẹ̀ ti ń sán nìyẹn. Ẹ tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Gáàdì tó bá já sílẹ̀ lójú eré, abẹ́ táyà ara rẹ̀ ló ń wọ̀ tàbí iwájú ọlọ́kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Mo tún bi bàbá mi pé ṣé dandan ni gáàdì ọ̀hún. Ìjọba Íńdíà fòfin dè é lára mọ́tò ní 2017, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù sì ti ṣòfin ní 2005 lórí irú èyí tí wọ́n lè fi sí iwájú mọ́tò, nítorí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Bọ́ńpà oníke máa ń tẹ̀ díẹ̀ tó bá gbá èèyàn, páìpù irin kì í tẹ̀. Àwa tá à ń fẹsẹ̀ rìn wá sílé ìwé láàárọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ dùn. Bàbá mi ní òótọ́ ni, àmọ́ màlúù ò ka òfin Íńdíà. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì parí láàárín wa.

Ó ku ìró kan tí mi ò tíì rí ìdí rẹ̀: kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ní àdúgbò wa, gáàdì iwájú rẹ̀ máa ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ tó bá ń gun òkè, bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ kì í dún. Mo rò pé ègé irin tí wẹ́dà jó ló jábọ́ sínú páìpù, àmọ́ onítọ̀hún ò tíì gbà kí n tú u wò. Ẹni tí mọ́tò ilé wọn bá ń dún, kó kọ ìgbà tó ń dún sínú bébà, kó jù ú sínú àpótí Press Club lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítáfúrúùmù.