Bí Agbára Abẹ́ Ilẹ̀ Ṣe Ṣẹ́ Àpáta Èkìtì Po

Púpọ̀ nínú àpáta Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti àríwá Èkìtì lápapọ̀ ni ooru àti ìwúwo abẹ́ ilẹ̀ ti yí padà, débi pé ó ṣòro láti mọ ohun tí wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè dé Òkèmẹ̀sí, ìtàn náà ṣì hàn ketekete, nítorí pé òkúta funfun líle tí ó di òkè níbẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní quartzite, jẹ́ yanrìn nígbà ìwáṣẹ̀, tí omi kó jọ ní ìpele-ìpele, kí ìwúwo àti ooru tó sọ ọ́ di òkúta.

Ní nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ tí Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ wà lórí rẹ̀ lónìí kọlu ilẹ̀ àtijọ́ kan tí ó dúró gbọin ní ìwọ̀-oòrùn wọn. Òkúta tí ó wà ní ìsàlẹ̀ jíjìn, tí ooru ti mú rọ̀, ṣẹ́po bí aṣọ tí a tì láti ọ̀tún àti òsì ṣe ń hunjọ. Èyí ni ìṣẹ́po. Èyí tí ó tutù tí ó sì le là ní tirẹ̀, apá kan sì gun orí èkejì lórí ẹ̀là tí ó dagun díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí òkúta àgbà fi lè wà lórí òkúta àbúrò. Èyí ni ìgunra.

Ìgunra hàn gbangba ní òkè Atakora ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, níbi tí ìpele òkúta ńláńlá ti gorí ara wọn síhà ìwọ̀-oòrùn. Ìṣẹ́po ni Òkèmẹ̀sí fi gbajúmọ̀ ní tirẹ̀: òjò àti ọ̀gbàrá ti jẹ àwọn òkúta tí kò le tó quartzite lọ, òkè tí ó kù sì tẹ̀ kọrọdọ gẹ́gẹ́ bí ìpele náà ṣe ṣẹ́po. Lára àpáta onílà tí wọ́n ń pè ní gneiss, tí ó pọ̀ ní àríwá Èkìtì, ìlà dúdú àti funfun a máa lọ́ kọ́lọkọ̀lọ níbi tí odò bá ti fọ̀ ọ́ mọ́. Ìṣẹ́po ni èyí pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ nígbà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan omi mímu. Àpáta líle kì í gba omi sára. Inú ẹ̀là rẹ̀ àti inú ilẹ̀ tí ó ti rà sí ni omi ń wà. Ẹ̀là quartzite ni òjò ń gbà wọ ìsàlẹ̀ jíjìn ní Ìkógòsì, tí ooru ilẹ̀ fi ń mú un lọ́wọ́ọ́wọ́ kí ó tó sun jáde. Ìdí kan náà ni kànga dẹ̀rọ kan fi ń lómi yípo ọdún, tí èyí tí kò jìnnà sí i sì ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní 2011 ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ilẹ̀ àti àpáta, ó yẹ kí àwọn ìlú agbègbè náà máa jẹ́ kí onímọ̀ wá ibi tí ẹ̀là wà kí wọ́n tó náwó lé kànga gbígbẹ́.