Oògùn Tí Wọ́n Rí Nínú Imú Ènìyàn

Ẹ fọwọ́ kan imú yín. Nínú ihò kékeré yẹn, ogun ń lọ lọ́wọ́, ẹ ò kàn mọ̀ ni.

Bakitéríà kan wà tó ń jẹ́ Staphylococcus aureus. Nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló ń gbé e kiri nínú imú láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tó bá ráyè wọ ojú ọgbẹ́ tàbí inú ẹ̀jẹ̀, ó lè pààyàn. Ti oríṣi rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MRSA tún le jù: apá ọ̀pọ̀ àǹtíbáyọ́tíìkì ò ká a mọ́.

Kí ló dé tó fi wà nímú àwọn kan, tí kò sí nímú àwọn mìíràn? Ní 2016, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Yunifásítì Tübingen ní Jámánì gbé ìdáhùn kan jáde. Wọ́n yẹ imú aláìsàn 187 wò. Lára àwọn tí kò ní bakitéríà mìíràn tó ń jẹ́ Staphylococcus lugdunensis, ìdá 34.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní aureus. Àwọn tó ní lugdunensis ńkọ́? Ìdá 5.9 péré!

Àṣírí rẹ̀ rèé. Oúnjẹ ò pọ̀ nínú imú, ló bá dìjà. Lugdunensis máa ń ṣe pẹ́pútáìdì kan, ìyẹn èròjà kéékèèké tí wọ́n sín pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni lugdunin. Awọ ara bakitéríà máa ń tọ́jú agbára iná pamọ́ bíi bátìrì. Lugdunin ló ń mú kí bátìrì yẹn kú.

Wọ́n fi pa ara eku tó ní àrùn awọ, bakitéríà náà sì dín kù gan-an. Wọ́n tún ń fún aureus ní díẹ̀díẹ̀ fún 30 ọjọ́ bóyá yóò mọ ọgbọ́n rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ló ti borí rifampicin ní tiẹ̀.

Ẹ má tíì sáré lọ sí kẹ́míìsì o! Lugdunin ò tíì di oògùn títà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àlá lásán: daptomycin, tó wá láti ara bakitéríà inú ilẹ̀, ti gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà láti 2003, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fúnni.

Kí tuntun tó dé, ẹ jẹ́ ká tọ́jú èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ yéé lo ampiclox fún ọ̀fìnkìn. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn, ampiclox ò sì lè pa fáírọ́ọ̀sì. Bakitéríà ara yín nìkan lẹ ń kọ́ níjà.