Ọgọ́sàn-án! Líìgì Dáàtì àti Àwọn Ọmọ Wa

Bí ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́rìndínlógún bá wà nílé yín, tí ẹ sì ń gbé Ìlú Ọba níbí, ó ṣeé ṣe kí ó ti bẹ̀ yín pé kí ẹ ra pátákó dáàtì fún òun. January 2024 ni ọ̀rọ̀ náà gbóná. Ọmọkùnrin kan láti Warrington, Luke Littler, ọmọ ọdún 16, ló dé àṣekágbá ìdíje àgbáyé lọ́jọ́ 3 oṣù náà. Luke Humphries nà án, 7 sí 4, ṣùgbọ́n £200,000 ni ọmọ náà gbé lọ sílé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe ìkejì. Ọmọ tí wọn ò tíì lè ta ọtí fún! Láti ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ wa ti ń wò wá lójú: Dádì, ṣé ẹ rí i? Kò lọ yunifásítì o.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fi dá wọn lóhùn. "Ṣé nítorí dáàtì ni mo ṣe gbé ọ wá sílùú òyìnbó?" Ẹnjiníà ni èmi, ìwé ni mo fi wọ ìlú yìí, n ò sì ní bú ìwé láéláé. Àmọ́ ìdáhùn yẹn ò tó. Ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ìbínú ló gbà, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló máa lọ wá ìdáhùn sí. Ẹ jẹ́ ká kúkú wo eré náà dáadáa, pàápàá líìgì tí wọ́n máa ń gbé sórí tẹlifíṣọ̀n láti February dé May. Ká ka owó inú ẹ̀, ká sì ka orí àwọn tó ń jẹ ẹ́.

Premier League ni wọ́n ń pè é, bíi ti bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kò jọ ti bọ́ọ̀lù rárá. Ọdún 2005 ni PDC, ẹgbẹ́ tó ń darí àwọn tó fi dáàtì ṣe iṣẹ́ òòjọ́, dá a sílẹ̀. Ènìyàn méje péré ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Phil Taylor, ọmọ Stoke-on-Trent tó ti fìgbà kan ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ohun èlò amọ̀, ló gba ife àkọ́kọ́. Ó gba ti 2006, ó gba ti 2007, ó tún gba ti 2008. Ìdíje 44 ló ṣe nínú líìgì náà kí ẹnikẹ́ni tó rí i nà. James Wade ló wá nà án ní ìbẹ̀rẹ̀ 2008.

Láti 2022 ni wọ́n ti yí ètò rẹ̀ padà. Ènìyàn mẹ́jọ ni wọ́n ń pè. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, fún ọ̀sẹ̀ 16, àwọn mẹ́jọ yìí á pàdé nílùú kan, wọ́n á máa yọ ara wọn lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo títí á fi ku ẹnì kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba lẹ́ẹ̀gì mẹ́fà ló borí. Ẹni tó gba alẹ́ náà ní àmì 5, ẹni tó ṣe ìkejì ní 3, àwọn méjì tí wọ́n yọ ní sẹmi-fáínà ní 2 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá yọ nínú ìdíje àkọ́kọ́ ńkọ́? Òdo. Á wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Berlin, á ju ọfà fún àkókò tí kò tó wákàtí kan, á sì gbé òdo padà wálé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16, àwọn mẹ́rin tó wà lókè tábìlì ló ń lọ sí O2 ní London fún alẹ́ ìkẹyìn.

Ní 2024, àwọn mẹ́jọ náà ni Humphries, Michael van Gerwen ọmọ Netherlands, Michael Smith, Nathan Aspinall, Gerwyn Price, Rob Cross, Peter Wright, àti Littler. Ọjọ́ kìíní February ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Cardiff. Littler ò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́ni ọdún 17. Àwọn kan ní wọ́n ti tètè gbé e síbẹ̀ jù, pé ọmọdé ni, pé ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ máa fọ́ ọ. Òótọ́ sì ni pé kò rí alẹ́ kan gbà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ó di ìparí March, ní Belfast, kó tó gba ti àkọ́kọ́. Láti ibẹ̀ ló ti ń gòkè. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 16 fi máa pé, òun ló wà lókè tábìlì. Lọ́jọ́ 23 May ní O2, ó na Humphries, ẹni tó nà án ní January, 11 sí 7. Nínú àṣekágbá yẹn kan náà ló ti fi ọfà mẹ́sàn-án péré parí lẹ́ẹ̀gì kan.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: 501 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, iye tó bá jù ni wọ́n ń yọ kúrò títí á fi di òdo gan-an, ọfà tó kẹ́yìn sì gbọ́dọ̀ wọ òrùka ìlọ́po méjì tó wà létí pátákó tàbí ojú àárín gbùngbùn. Ọfà mẹ́sàn-án ló kéré jù tí èèyàn lè fi ṣe é. 180, lẹ́yìn náà 180, á ku 141. Ọ̀nà kan láti pa 141 ni ìlọ́po mẹ́ta 20, ìlọ́po mẹ́ta 19, àti ìlọ́po méjì 12. Òrùka tí wọ́n ń ta ọfà sí yìí, mìlímítà 8 ni fífẹ̀ rẹ̀. Ibi tí wọ́n dúró sí jìnnà tó mítà 2.37. Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹ̀rọ la máa ń lò tí a bá fẹ́ kí nǹkan bọ́ síbi tó há báyẹn lemọ́lemọ́. Ọmọ yìí ń fi ọwọ́ ṣe é níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó ti mutí yó tí wọ́n ń kọrin.

Ó wá ku owó. Mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ni gbogbo owó líìgì náà ní 2024. Littler gba £275,000 fún ife yẹn, Humphries gba £125,000. Àwọn méjì tí wọ́n yọ ní sẹmi-fáínà gba £85,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. £10,000 tún wà fún ẹni tó bá gba alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni ìkẹjọ, ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó gba £60,000. Fún oṣù mẹ́rin! Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wa ń ṣe iṣẹ́ òru lọ́dún gbáko, wọn ò rí tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń dá ìṣirò dúró nìyẹn. Ẹ bá wọn ṣe é síwájú. Àwọn 128 ni PDC ń fún ní káàdì tí wọ́n fi ń wọ ìdíje wọn káàkiri ọdún. Ẹni tí kò ní in, á lọ bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn du ìwọ̀nba káàdì tó wà ní January. Tó bá rí i gbà, ọdún méjì ló ní. Tí ọdún méjì bá pé tí orúkọ rẹ̀ ò sí láàárín àwọn 64 àkọ́kọ́, káàdì ti lọ nìyẹn, ó di kó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ìdíje tí wọ́n ń pè ní Players Championship, níbi tí tẹlifíṣọ̀n kì í sábà dé, ẹni tí wọ́n bá yọ nínú ìdíje àkọ́kọ́ kì í gba kọ́bọ̀. Epo ọkọ̀ àti hòtẹ́ẹ̀lì, àpò ara ẹni ló ti ń wá. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wọn fi ń ṣiṣẹ́ míì mọ́ ọn. Láti inú àwọn 128 yìí, tí àwọn fúnra wọn ti jẹ́ àṣàyàn, mẹ́jọ ló ń dé Premier League. Mẹ́rin ni ipò wọn gbé débẹ̀, mẹ́rin ni PDC fọwọ́ ara wọn mú. Owó tí wọ́n sì gbà níbẹ̀ kì í ka mọ́ èyí tí wọ́n fi ń to ipò wọn láàárín àwọn akẹgbẹ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ Glen Durrant ni mo máa ń fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ju ti Littler lọ. Ọmọ Middlesbrough ni. Ní 2020, tí Kòfíìdì dá líìgì dúró ní March, tí wọ́n tún padà sí i ní August láìsí èrò ìwòran, Durrant ló gba ife náà. Ọmọ ọdún 49 ni. Ní 2021, ó padà wá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ife. Ìdíje mẹ́sàn-án ló ṣe. Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni wọ́n nà án. Ọwọ́ kan náà, ọfà kan náà, pátákó kan náà, àmọ́ nǹkan kan ti kúrò níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2022, ó fi eré náà sílẹ̀, ó di alálàyé lórí tẹlifíṣọ̀n. N ò rí i kà nínú ìwé kankan pé ọ̀lẹ ni.

Kódà ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká ò ní ìdánilójú. Ní 2025, Littler kó àmì 45 jọ láàárín ọ̀sẹ̀ 16, iye tí ẹnì kankan ò kó rí lábẹ́ ètò tuntun yìí títí di ìgbà náà. Lálẹ́ 29 May, Humphries nà án, 11 sí 8, ó gbé ife lọ. Gbogbo àmì tí ọmọ náà kó jọ láti February kò ràn án lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan yẹn.

Tí ọmọ yín bá wá ní ti àwọn òyìnbó nìkan lẹ ń sọ, ẹ bi í bóyá ó mọ ibi tí ọ̀pọ̀ pátákó dáàtì ti ń wá. Okùn sísálì ni wọ́n fi ń ṣe é, ewéko tí wọ́n ń gbìn ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà ní Kẹ́ńyà. Láti Kẹ́ńyà yẹn náà ni David Munyua ti wá sí ìdíje àgbáyé ní London ní December 2025, ọmọ Kẹ́ńyà àkọ́kọ́ tó máa débẹ̀. Mike De Decker ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù ti gba sẹ́ẹ̀tì méjì lọ́wọ́ ẹ̀. Munyua gba mẹ́ta tó kù ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Gbọ̀ngàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Wọ́n yọ ọ́ nínú ìdíje tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ó níbi tó ń padà sí: dókítà ẹran ni. Yunifásítì ló lọ, ó sì ń ju ọfà. Mo sọ èyí fún bùrọ̀dá kan tó ti gba pátákó lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀, ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó ní, "Dókítà ẹran? Ìyẹn dáa." Pátákó padà sára ògiri.

Ohun kan ṣì wà nínú eré yìí tí mo rò pé tiwa ni, bí àwọn òyìnbó ò tiẹ̀ mọ̀. Ẹ fetí sí ẹni tó ń ka àmì: 100! 140! 180! Ẹ wá kà á ní Yorùbá. Ogún ni iye tó ga jù lára pátákó, ogún náà sì làwọn baba wa fi ń kà. Ìlọ́po méjì ogún ni ogójì, ogún méjì. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ ni ọgọ́ta, ogún mẹ́ta. Ọgọ́rùn-ún, ogún márùn-ún. Ogóje, ogún méje. Ọfà mẹ́ta nínú ìlọ́po mẹ́ta ogún, ogún mẹ́sàn-án, ọgọ́sàn-án! Ojú àárín pátákó jẹ́ 50, àádọ́ta, ìyẹn ọgọ́ta tí mẹ́wàá dín. Ẹ wá wo 170, iye tó pọ̀ jù tí èèyàn lè fi ọfà mẹ́ta parí: ọgọ́ta, ọgọ́ta, àádọ́ta. Àádọ́sàn-án la ń pè é, ọgọ́sàn-án tó dín mẹ́wàá, bí ó ṣe rí lára pátákó gẹ́lẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n ní kíkà Yorùbá le jù, nítorí pé yíyọ ló pọ̀ nínú ẹ̀, yíyọ náà ni wọ́n ń ṣe láti 501 wá sísàlẹ̀.

Ìdí tún wà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi máa ń fẹ́ kó ku 32. Tí wọ́n bá ta ìlọ́po méjì 16 tí ọfà bọ́ sínú 16 lásán, á ku 16, ìlọ́po méjì 8. Tí ó bá tún ṣẹlẹ̀, á ku 8, lẹ́yìn náà 4, lẹ́yìn náà 2. Ẹni tí kò lè fi ọkàn ṣírò á dúró síwájú pátákó bí ère.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e kọ́, àárín pátákó gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.73 sílẹ̀, kẹ́ ẹ fa ìlà sí mítà 2.37 síwájú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kí àbúrò kékeré má lọ ṣí i lójijì. Nílé wa, fóònù ò gbọdọ̀ wọ ọ̀rọ̀ ìṣirò náà. Ẹni tí kò bá lè sọ iye tó kù fún un ní Yorùbá, ọfà tó kàn ti fò ó kọjá nìyẹn, títí kan ìyá wọn.