Bàbá Arúgbó, Ilé Tó Fò, àti Irọ́ Tó Lẹ̀ Mọ́ Wọn

Fíìmù Up ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì tán lẹ́nu ayé. Oṣù karùn-ún ọdún 2009 ló jáde ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ṣí àjọ̀dún sinimá Cannes ní ilẹ̀ Faransé, ibi tí kàtúùnù kankan kò ti gba irú ipò bẹ́ẹ̀ rí. Pete Docter ló darí rẹ̀. Bàbá ẹni ọdún 78 kan, Carl Fredricksen, ni ìyàwó rẹ̀ Ellie ṣaláìsí. Ó so bàlúùnù mọ́ ilé rẹ̀, ilé gbéra ńlẹ̀, ó dorí kọ Gúúsù Amẹ́ríkà, ibi tí tọkọtaya náà ti ń sọ láti kékeré pé àwọn máa lọ. Russell, ọmọdékùnrin ẹni ọdún mẹ́jọ, ti wà ní fàráńdà kí bàbá tó mọ̀. Láti ìgbà tí fíìmù yìí ti jáde ni irọ́ ti ń lẹ̀ mọ́ ọn. Àhesọ lásán ni àwọn kan. Àwọn kan sì wá látinú ìjọ, àwọn yẹn ló ká mi lára jù.

Irọ́: Fíìmù ọmọdé ni.

Òótọ́: Àwọn tó ń díwọ̀n fíìmù ní Amẹ́ríkà fún un ní PG, ìyẹn ni pé kí òbí wà nítòsí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré tàbí díẹ̀ sí i ni wọ́n fi sọ ìtàn ìgbéyàwó Carl àti Ellie láti ọjọ́ ìyàwó títí dé ọjọ́ ìsìnkú, kò sì sẹ́ni tó la ẹnu sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Orin Michael Giacchino, tó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar ní 2010, ló gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ wo ìgò tí wọ́n fi ṣe kóló. Owó ìrìnàjò ni wọ́n ń jù sínú rẹ̀. Táyà ọkọ̀ bẹ́, wọ́n fọ́ kóló. Carl ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n fọ́ kóló. Igi wó lu òrùlé, wọ́n tún fọ́ ọ. Nígbà tí Carl wá ra tíkẹ́ẹ̀tì nígbẹ̀yìn, Ellie kò lè gun òkè kékeré tí wọ́n máa ń gùn mọ́. Bàlúùnù lọmọdé máa rí. Ẹni tó ti ń tọ́jú owó ìrìnàjò títí tí owó ilé ìwé àti ti ilé ìwòsàn fi gbà á, ìgò yẹn ló máa wò.

Irọ́: Ìyá kan ní Seattle tó kọ̀ láti ta ilé rẹ̀ ni wọ́n wò ṣe é.

Òótọ́: Ìyá náà gbé ayé rí lóòótọ́. Edith Macefield ni, ní àdúgbò Ballard. Wọ́n fi mílíọ̀nù kan dọ́là lọ̀ ọ́ ní 2006, kò gbà, wọ́n sì kọ́ ilé ìtajà ńlá yí i ká. Ó kú ní 2008. Ṣùgbọ́n 2004 ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí fíìmù yìí. Àwọn tó ń polówó rẹ̀ ló lọ so bàlúùnù mọ́ òrùlé ìyá náà ní 2009, ibẹ̀ ni ìtàn méjèèjì ti dì mọ́ra.

Irọ́: Carl ti kú lóru kí ilé rẹ̀ tó gbéra, ọ̀nà ọ̀run ló ń lọ, áńgẹ́lì sì ni Russell.

Òótọ́: Àwọn Onígbàgbọ́ fẹ́ràn èyí púpọ̀, kò sì sóhun tó tì í lẹ́yìn nínú fíìmù náà. Ọ̀run wo ni ajá ti ń lé èèyàn kiri, tí ẹ̀yìn sì tún ń ro bàbá? Carl padà sílé láàyè. Ní 2023, Pixar, ilé iṣẹ́ tó ṣe Up, tún gbé fíìmù kékeré kan jáde, Carl's Date, níbi tí bàbá kan náà ti ń múra láti bá obìnrin kan jáde, tẹ̀rùtẹ̀rù. Èrò mi ni pé àhesọ yìí ta nítorí ó ṣòro fún wa láti gbà pé arúgbó tó ń ṣọ̀fọ̀ ṣì lè láyọ̀ láyé níbí. A ti yára rán an lọ sọ́run.

Irọ́: Àìrọ́mọbí ló ba ayé Carl àti Ellie jẹ́.

Òótọ́: Wọ́n ti kun yàrá ọmọ. Lẹ́yìn ìyẹn la rí wọn lọ́dọ̀ dókítà, Ellie tẹ orí ba. Nígbà tó ṣe, ó jókòó nínú ọgbà, ó dijú, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, ọkọ rẹ̀ wá bá a, ó gbé ìwé ìrìnàjò tí Ellie ti ń kọ láti kékeré lé e lọ́wọ́. Kò sí ìyá ọkọ tó wá fìbínú sọ̀rọ̀, kò sí ìyàwó kejì, kò sí ẹni tó ríran pé ará ilé ló di í. Nínú ìjọ tiwa, ìtàn Hánà àti Èlísábẹ́tì la máa ń sọ fún irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀, a sì máa ń dákẹ́ síbi tí ọmọ ti dé. Ta ló ń wàásù fún àwọn tí ọmọ kò dé bá títí wọ́n fi darúgbó? Kódà nígbà ikú, ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí: ẹni tó fi ọmọ sílẹ̀ làwọn èèyàn ń dá aṣọ ẹbí fún. Ellie kò ka ayé tirẹ̀ sí òfìfo. Carl rò pé ojú ewé tó kù nínú ìwé náà ṣófo. Ìgbà tó ṣí i, àwòrán òun àti ìyàwó rẹ̀ ló kún ibẹ̀, ọjọ́ lásán lórí ọjọ́ lásán. Ìyàwó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀ fún ìrìnàjò wọn, ó sì ní kó lọ wá òmíràn ṣe.

Irọ́: Onígbàgbọ́ tòótọ́ kì í ṣọ̀fọ̀ pẹ́.

Òótọ́: Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń kí olóòkú: ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n, ó tó, ẹ nu ojú yín. Tó bá ti pé oṣù mélòó kan tí opó kò tíì rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á di ti ìgbàgbọ́ tí kò tó. Bẹ́ẹ̀, Jésù sunkún níbi ibojì Lásárù, òun tó mọ̀ pé òun máa jí i dìde láìpẹ́. Pọ́ọ̀lù kò sọ fún àwọn ará Tẹsalóníkà pé kí wọ́n má banú jẹ́. Ìbànújẹ́ aláìnírètí ló ní kí wọ́n yẹra fún. Èyí tó wù mí jù ni ti Ábúráhámù nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 23. Ó sunkún Sárà, ó dìde níwájú òkú, ó lọ bá àwọn ọmọ Hétì dúnàádúrà ilẹ̀ ìsìnkú, ó wọn ṣékélì fàdákà 400 fún wọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà nínú ìwé kan náà, ó fẹ́ Kétúrà.

Irọ́ kejì wà tó dojú kọ ìyẹn, òun sì ni Carl ń gbé: pé ẹni tó bá jẹ́ kí nǹkan òkú lọ kò fẹ́ràn òkú. Bàbá yìí ń pe ilé ní Ellie, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ó fi ọ̀pá lu òṣìṣẹ́ kan nítorí àpótí lẹ́tà. Nígbà tí ilé kò lè fò dáadáa mọ́, ó so ó mọ́ra, ó ń wọ́ ọ kọjá lórí òkúta. Ìgbà tí Russell wọ ewu ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹrù síta kí ilé lè fúyẹ́: tábìlì, àwòrán, ohun tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn kó jọ. Àga òun àti ti Ellie wà níta, ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Jákọ́bù kó ọmọ aláìníbaba àti opó sínú ẹsẹ kan ṣoṣo, a sì máa ń kà á bí ẹni pé àwa tí ara wa dá ló ń bẹ̀ wọ́n wò. Nínú Up, àwọn méjèèjì ló bẹ ara wọn wò. Bàbá Russell wà láàyè àmọ́ kì í yọjú. Ọmọ náà rántí bí òun àti bàbá rẹ̀ ṣe máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí wọ́n ń ka ọkọ̀ tó ń kọjá. Báàjì tí wọ́n ń fún ọmọ tó bá ran àgbàlagbà lọ́wọ́ ló gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà Carl. Kò wàásù fún Carl rárá, ẹjọ́ ló ń rò ṣáá.

Irọ́: Docter fi ìwàásù pamọ́ sínú rẹ̀.

Òótọ́: Onígbàgbọ́ ni, kò sì fi pamọ́. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé fíìmù kì í ṣe ibi ìwàásù. Kò sí àdúrà nínú Up, kò sẹ́ni tó dárúkọ Jésù. Pásítọ̀ tó bá fẹ́ lò ó á ní láti gbé Bíbélì tirẹ̀ dání. Tí ẹ bá máa fi hàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jókòó ti àwọn kékeré, nítorí àwọn ajá ibẹ̀ máa ń dẹ́rù bà wọ́n. Kí ẹ sì pe àwọn opó ìjọ wá. Wọn kì í sábà pè wọ́n wá wo kàtúùnù.