Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Lọ sí Erékùṣù Gberefu?

Ará Òṣòdì tàbí Ìsọlọ̀ tó bá fẹ́ rí erékùṣù Gberefu yóò wọkọ̀ gba Mile 2 dé Àgbádárìgì, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e sọdá ọ̀sà. Ọ̀nà oníyanrìn tí wọ́n ń kó ẹrú gbà lọ sétí òkun ṣì wà níbẹ̀, àti kànga tí ìtàn sọ pé ẹrú tó bá mu omi rẹ̀ yóò gbàgbé ilé.

Ṣùgbọ́n ìgbà lonígbà ń lò. Láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, òjò àti ìjì a máa ru ọ̀sà sókè. Oṣù kẹfà ló sábà máa ń le jù. Nínú oṣù kẹjọ, òjò a dáwọ́ díẹ̀, oòrùn kì í sì í mú, ẹsẹ̀ rírìn a rọrùn. Lẹ́yìn òjò oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni ọ̀gbẹlẹ̀ ń dé, àmọ́ kùrukùru ọyẹ́ lè bo ọ̀sà láàárọ̀ débi pé awakọ̀ kò ní rí iwájú.

Ní Malta, erékùṣù Òkun Mẹditaréníà tí Bíbélì pè ní Melita, ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ tiwa ni òjò àti òtútù tiwọn. Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ pé ìgbà ti kọjá fún ìrìn àjò, wọn kò gbọ́. Etí erékùṣù náà ni ọkọ̀ wọn fọ́ sí.

Nítorí náà, kí ẹni tó ń lọ sí Gberefu wo ojú ọ̀run kó tó wọkọ̀, kó wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kó sì padà kílẹ̀ tó ṣú. Bí òjò bá ṣú, kó dúró sí èbúté.