Owó Iṣẹ́ Kékeré, Àpò Kékeré

Gbogbo wa la mọ alájọ. Tí ìyá wa bá ń dá ₦500 lójoojúmọ́, tí oṣù bá parí, alájọ á mú owó ọjọ́ kan, á kó ìyókù fún wọn. Owó iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sí ìjà níbẹ̀.

Index fund náà ní owó iṣẹ́ tirẹ̀. Àpò kan ni tí ọ̀pọ̀ èèyàn dáwó sí, tí wọ́n á fi ra ṣíà gbogbo ilé iṣẹ́ tó wà lórí àkọsílẹ̀ kan, láì ṣa èyí tó wù wọ́n. John Bogle ló gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù ní Amẹ́ríkà ní 1976. Ní Nàìjíríà tiwa, Vetiva Griffin 30 àti Stanbic IBTC ETF 30 ń tẹ̀lé àkọsílẹ̀ kan náà, NGX 30, ìyẹn ilé iṣẹ́ ńláńlá 30 tó wà ní ọjà ṣíà wa. Ẹ lè wá ní, nígbà tó jẹ́ ohun kan náà ni wọ́n ń rà, ṣebí ká kàn mú èyí tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kéré jù?

Ó kù díẹ̀ o. Ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò máa gba owó tirẹ̀, àpò kún àbí kò kún. Tí èèyàn díẹ̀ bá pín in san, á wúwo lọ́rùn wọn. Wọ́n tiẹ̀ lè pa àpò tó kéré jù rẹ́, kí wọ́n dá owó padà lásìkò tí ọjà kò dára. Èyí tó tún le jù lójú tèmi: oníbàárà àpò kékeré kì í sábà pọ̀. Ẹ rà á ní ₦100, ẹ fẹ́ tà á lọ́jọ́ kejì, wọ́n á ní ₦95 làwọn máa san. Bí aṣọ tí kò tà ní ọjà Sheikh Gumi gẹ́lẹ́!

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ₦100,000 (àfiwé lásán ni o, mi ò ka èrè mọ́ ọn). Àpò Kékeré ń gba ₦500 lọ́dún, ṣùgbọ́n rírà àti títà rẹ̀ máa jẹ ₦5,000. Àpò Ńlá ń gba ₦1,000 lọ́dún, rírà àti títà rẹ̀ kò ju ₦1,000 lọ. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, Kékeré ti jẹ ₦7,500, Ńlá jẹ ₦6,000. Ní ọdún kẹjọ, àwọn méjèèjì dọ́gba, ₦9,000. Ní ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, Kékeré jẹ ₦12,500, Ńlá sì ti jẹ ₦16,000.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, torí Mọ́mì mi fẹ́ fi owó pamọ́ fún yunifásítì wa. Tèmi ku bí ọdún márùn-ún. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́ta ni, tirẹ̀ ṣì ku bí ọdún 15. Mo ní kí wọ́n má fi tiwa méjèèjì sí ibì kan náà. Tèmi gan-an, ọkàn mi kò balẹ̀ pé kó wà nínú ṣíà rárá, torí ọjà lè já lọ́dún tí mo bá fẹ́ wọlé. Mọ́mì ní àwọn máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ burókà, èló ni wọ́n ń rà á lónìí, èló ni wọ́n ń tà á, kí n tó délé ní họ́lídè.