Ààbọ̀ àti Ìdá Mẹ́rin: Ìṣirò Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ìjà Bẹ́ Sílẹ̀

Àwọn àgbà ní àìmète, àìmèrò, lọmọ ìyá mẹ́fà fi ń kú sóko ẹgbàafà. Bí wọ́n bá pín gbèsè náà sí ọ̀nà mẹ́fà ni, ẹgbàá péré ni ì bá kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, a fẹ́ yẹ ìṣirò ìdá wò lóṣù yìí, kí ọjà tí a jọ dáwó rà má baà di ìjà.

Ká ní mẹ́ta nínú wa fẹ́ jọ ra mílíìkì alágolo. Ẹnì kìíní fẹ́ páálí kan ààbọ̀ (1½). Ẹnì kejì fẹ́ páálí méjì àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin (2¾). Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin páálí (¾) péré lẹnì kẹta fẹ́. Páálí mélòó la ó rà?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ká ro nọ́ńbà òkè mọ́ òkè, ká sì ro tìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. 1, 3 àti 3 á di 7. 2, 4 àti 4 á di 10. A ó wá pè é ní páálí mẹ́ta àti ìdá méje nínú mẹ́wàá. Ó bà jẹ́ nìyẹn! Ọjà ò ní kárí, wọn á sì máa fura sí ẹni tí a rán, bẹ́ẹ̀ kò jalè.

Ẹ bi àwọn ìyá wa tó ti ń tajà kí náírà tó dé lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973. Nígbà náà, kọ́bọ̀ àtijọ́ méjìlá ni ṣílè kan. Sísì, kọ́bọ̀ mẹ́fà, ni ìdajì ṣílè; tọ́rọ́, kọ́bọ̀ mẹ́ta, ni ìdá kan nínú mẹ́rin. Ta ló jẹ́ pe sísì àti tọ́rọ́ ní ìdá méjì nínú mẹ́fà ṣílè? Kọ́bọ̀ mẹ́rin nìyẹn, kò tó sísì fúnra rẹ̀! Wọ́n á sọ méjèèjì di kọ́bọ̀, á jẹ́ mẹ́sàn-án, ìyẹn ¾ ṣílè. Àṣírí ibẹ̀ nìyí: ẹ sọ gbogbo ìdá di irú kan náà kí ẹ tó rò wọ́n pọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sídìí mílíìkì wa. ½ jẹ́ 2/4. 2, 3 àti 3 jẹ́ 8. Ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́rin sì jẹ́ odidi méjì. Ẹ rò ó mọ́ odidi 1 àti 2 tó wà nílẹ̀, ó pé páálí márùn-ún.

Ẹ fi agolo yẹ̀ ẹ́ wò. Bí agolo 24 bá wà nínú páálí, 36, 66 àti 18 jẹ́ 120, páálí márùn-ún náà nìyẹn. Bí páálí kan bá jẹ́ ₦24,000, wọn á san ₦36,000, ₦66,000 àti ₦18,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦120,000.

Bí ẹnì kejì bá wá kó tirẹ̀ lọ ńkọ́? A ò lè yọ ¾ láìjá páálí. Ẹ já ọ̀kan, kí márùn-ún di 4 àti 4/4. Ẹ yọ 2¾ kúrò, ó ku 2¼, agolo 54.

Ẹ ṣe é sínú ìwé kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ìṣirò tó gún kì í ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Ọjà á tà o.